Àtàrí mi ń fúyẹ́ látìgbà tí nǹkan oṣù ti dúró: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Gbági (4 Èrèlé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni ọdún 52 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn. Ó pé oṣù 14 báyìí tí mo ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Ooru tó ń mú mi lóru, ó ti ń mọ́ mi lára. Ti irun ni n kò mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi obìnrin jókòó sẹ́yìn mi, ó fẹ́ di ṣùkú fún mi. Ó fi ìlarun là á láti iwájú dé àtàrí, ó wá dákẹ́. Mo ní kí ló dé? Kò fèsì. Ó gbé fóònù, ó ya àwòrán, ó nà án sí mi. Ojú ìlà tó yẹ kó rí bí okùn òwú ti fẹ̀ tó ìka méjì. Mo wo àwòrán yẹn, mo rò pé orí ẹlòmíì ni. Èmi tí àwọn onídìrí máa ń ráhùn pé irun mi ti pọ̀ jù!

Láti bí ọdún 3 ni mo ti ń wọ wíìgì lọ sí ìsọ̀ lójoojúmọ́. Mo ń rí irun nínú ìlarun, mo gbà pé ọjọ́ orí ni. Ìgbéyàwó ọmọ mi yìí kan náà ku oṣù 4. Kí ni ẹ lò? Ṣé ó máa ń hù padà?

Onídìrí Mọ́kọ́lá (4 Èrèlé, 9:40 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Wíìgì yẹn ni. Ọdún 23 rèé tí mo ti ń dirun, orí tí mò ń rí lọ́sẹ̀ kan kì í dín ní 20. Àwọn ìlarun kéékèèké tí wọ́n rán sínú wíìgì, ojú kan náà ni wọ́n ń gbá mú lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa irun tu. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di orí yín le. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún oṣù 3, á hù.

Àníkẹ́ Ṣakí (4 Èrèlé, 10:05 alẹ́)

Àlùbọ́sà ni o, màmá! Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ fi pa àtàrí lálẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ẹ wá fi àdí àgbọn lé e. Àǹtí mi ṣe é fún oṣù kan péré, irun rẹ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì (5 Èrèlé, 6:20 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó dárúkọ oògùn kankan, ibo gan-an lórí ni irun ti ń lọ? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró sí. Kì í ṣe gbogbo irun tó bá lọ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ni ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wíìgì.

Bí nǹkan oṣù bá ti ń dáwọ́ dúró, estrogen, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, inú ara á lọ sílẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, tó wà lára gbogbo obìnrin ní ìwọ̀nba, kì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun ló wá ń rọ́wọ́ mú. Ihò irun tó wà lókè orí á máa kéré sí i. Irun tó bá hù níbẹ̀ á tínrín ju ti tẹ́lẹ̀, á kúrú, títí á fi dà bí irun ọwọ́. Irun iwájú sábà máa ń dúró síbẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń la irun fún ni ló máa ń kọ́kọ́ rí i, bí ọmọ Ìyá Ìbejì ṣe rí i.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀bátí àti iwájú ló ń pá, tí irun wẹ́wẹ́ díẹ̀ sì ṣẹ́kù létí ibẹ̀, mo fara mọ́ Onídìrí: fífà ló fà á. Bó bá jẹ́ gbogbo orí ló ń re ní ẹ̀kúnwọ́, ẹ ka oṣù 2 tàbí 3 sẹ́yìn. Ṣé ibà líle ni? Ṣé iṣẹ́ abẹ ni? Ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín? Ṣé ẹ rù lójijì? Ìyẹn sábà máa ń padà fúnra rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú irun re, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì máa ń da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ní ọdún mélòó kan kí nǹkan oṣù tó dúró pátápátá. Ẹ̀yà ara inú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀ náà, bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, irun á sọ ọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti àtàrí gan-an, ojú ibi tí à ń gbé òṣùkà lé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí owó kọ́bọ̀, á máa fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, á máa yún tàbí kó máa ta. Àpá ló ń dá sábẹ́ awọ. Ihò irun tí àpá bá ti dí kò ní hu irun mọ́ láéláé. Obìnrin dúdú ló ń mú jù.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì: ṣé ó ń yún? Ṣé ó ń ta? Báwo ni nǹkan oṣù yín ṣe rí kó tó dúró? Irun ìpéǹpéjú ńkọ́, ṣé ó pé?

Àníkẹ́ ọmọ mi, àlùbọ́sà tí wọ́n dán wò, irun tó ń já ní ojú kọ̀ọ̀kan roboto ni wọ́n dán an wò fún, oríṣi mìíràn nìyẹn, òun náà sì máa ń padà fúnra rẹ̀ nígbà púpọ̀. Orí tó bá ti ń ta tẹ́lẹ̀, àlùbọ́sà á dá kún un.

Ìyá Àgbà Ìsẹ́yìn (5 Èrèlé, 8:47 àárọ̀)

Ọmọ mi, ẹni ọdún 67 ni mí. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, mo gé e sílẹ̀ mọ́ orí. Ọdún 13 rèé. Mo ń fi àdí pa á, mo ń wé gèlè mi, orí mi fúyẹ́, ooru kì í mú mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tiwa, òwú la fi ń kó irun, kò sí wíìgì, kò sí rílásà, irun àwọn ìyá wa sì nípọn títí wọ́n fi dàgbà. Ẹ padà sídìí òwú.

Onídìrí Mọ́kọ́lá (5 Èrèlé, 9:30 àárọ̀)

Ìyá Àgbà, mo kí yín mà. Òwú dára tó bá dẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n kó títí ojú fi fà sókè, èmi fúnra mi ti rí iwájú tó pá nítorí rẹ̀. Ọwọ́ tó ń kó o ni kí a máa wò, kì í ṣe òwú.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ní oníbàárà 2 tí àtàrí wọn máa ń ta wọ́n bí mo bá ti ń fọ̀ ọ́. Mo rò pé èépá orí ni. Òróró ni mo ń fi sí i fún wọn, mo sì ń dì í lọ. Màá pè wọ́n lónìí.

Àbẹ̀kẹ́ Pẹ́kámù (5 Èrèlé, 11:15 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí n kò gbà pé kí a kàn gé e sílẹ̀ kí a sì gbàgbé. Ó wu Ìyá Àgbà, ó sì yẹ wọ́n. Èmi fẹ́ irun mi.

Lọ́ndọ̀nù ni mo wà, ẹni ọdún 55. Tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní 49, ojú ìlà tó ń fẹ̀, kò yún, kò ta. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò rí nǹkan, ó ní kí n lọ ra minoxidil ní kẹ́míìsì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oníhóró ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí irun ń hù káàkiri ara àwọn tó ń lò ó ni wọ́n ṣe é ní èyí tí a ń fi sórí. Lọ́dún 1991 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti 2% fún obìnrin.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í re ju ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó nínú balùwẹ̀, mo kó irun náà jọ sórí táwẹ́ẹ̀lì funfun, mo sunkún. Mo pa oògùn tì fún oṣù 6. Ìgbà tí mo tún bi oníkẹ́míìsì ló ṣàlàyé pé irun tó ti gbó ló ń yẹra fún tuntun, pé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8 ni ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, á sì dá. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún ni mo tó rí irun wẹ́wẹ́ lójú ìlà. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ojú oṣù 4 wò ó.

Bí mo ṣe ń lò ó lórí irun tiwa: mo pín orí sí 4, mo ń kán an sí awọ orí, kì í ṣe sára irun. Èyí tó jẹ́ omi yún mi lórí, ó sì mú irun mi gbẹ bí kòríko. Mo yí sí èyí tó ń hó bíi fófòó ọṣẹ, ti 5%, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún obìnrin, ó sì gbà mí. Kó gbẹ kí ẹ tó fi orí lé ìrọ̀rí, nítorí bó bá kan ojú, irun á hù sójú. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ní ológbò, ẹ má jẹ́ kó lá ọwọ́ yín tàbí ìrọ̀rí yín, májèlé ni fún un. Bí ẹ bá sì dá a dúró, gbogbo ohun tó hù á lọ láàárín oṣù mélòó kan. Ìyẹn ni ìdí tí ẹlòmíì kì í fi í fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì (5 Èrèlé, 1:02 ọ̀sán)

Òótọ́ ni gbogbo èyí tí Àbẹ̀kẹ́ sọ. Mo fẹ́ fi kún un pé oníhóró náà ti padà dé: dókítà awọ ara ń fún àwọn kan ní ìwọ̀n kékeré rẹ̀ fún irun. Ẹ má lọ rà á fúnra yín. Ó lè mú ẹsẹ̀ wú, ó lè mú àyà máa lù kìkì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dára ní láti sọ fún dókítà.

Mo ṣì ń retí èsì Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì Gbági (5 Èrèlé, 8:33 alẹ́)

Ẹ má bínú, ọjà ni mo wà. Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Ó ń yún. Ó ti tó ọdún kan. Láwọn ọjọ́ mìíràn ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ata pa àtàrí mi, pàápàá bí mo bá bọ́ wíìgì nírọ̀lẹ́. Bí ọmọ mi ṣe fi ẹnu ìlarun kan ibẹ̀ ní Sátidé, mo ké. Mo rò pé ooru ni. Ìpéǹpéjú mi pé, iwájú mi kò lọ.

Nǹkan oṣù mi kò rọrùn rárá kó tó dúró. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ̀jẹ̀ dídì, mo máa ń fi aṣọ lé páàdì. Ọdún 6 sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní ìju, fáíbírọ́ọ̀dù. N kò ṣe nǹkan kan sí i. Rílásà, mo ti ń lò ó láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì (5 Èrèlé, 8:51 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, dókítà awọ ara, lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe oníṣègùn gbogboogbò nìkan, awọ ara. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹ sọ gbolohùn ata yẹn fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, àti irin tó wà nípamọ́ nínú ara, èyí tí wọ́n ń pè ní ferritin, àti ti ọrùn. Títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, kò sí wíìgì, kò sí rílásà, kò sí àlùbọ́sà.

Ẹ̀gbọ́n Houston (6 Èrèlé, 3:18 òru)

Ìyá Ìbejì, ohun tó ṣe mí ni ẹ ń sọ yìí, ó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Mo fi ọdún 5 ṣòfò, nítorí náà mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

Ẹni ọdún 58 ni mí. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé ọjọ́ orí ni, títí kan dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí, tí kò fọwọ́ kan orí mi. Mo ra minoxidil, mo ń lò ó tọkàntọkàn, ó ṣì ń fẹ̀. Dókítà awọ tí mo wá rí lẹ́yìn náà, obìnrin dúdú bíi tèmi, fi ẹ̀rọ kékeré onígíláàsì wo àtàrí mi. Ó ní ihò irun ti ń dí. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ ìpara, ó gé awọ tó fẹ̀ tó mílímítà 4, ó rán òwú ẹyọ kan sí i. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Èsì ọ̀hún ló fún nǹkan náà ní orúkọ: CCCA ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń dá àpá sí àtàrí tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn.

Láyé àtijọ́, ìlarun irin tí wọ́n ń yán lórí iná ni wọ́n dá lẹ́bi. Lọ́dún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn tí kò fi ọwọ́ kan ìlarun gbígbóná rí tó sì mú. Lọ́dún 2019, wọ́n rí i pé nínú àwọn kan, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á. Fífà àti rílásà lè dá kún un, mo ti fi méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe gbogbo ìtàn. Ti ìju yẹn náà: lọ́dún 2018, ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Johns Hopkins nípa àwọn obìnrin dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìju wà lára àwọn tó ní CCCA ní nǹkan bí ìlọ́po 5 ju àwọn tí kò ní lọ. Wọn kò ní ọ̀kan ló ń fa èkejì, àmọ́ àwọn méjèèjì jọ jẹ mọ́ bí ara ṣe ń dá àpá. Ẹ sọ fún dókítà.

Ìtọ́jú tèmi: abẹ́rẹ́ steroid sínú awọ àtàrí ní ọ̀sẹ̀ 6, 6, àti doxycycline oníhóró fún oṣù mélòó kan láti pa iná tó ń jó lábẹ́. Láàárín oṣù 2, títa dá. Ìgbà náà ni wọ́n tó dá minoxidil padà. Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí Àbẹ̀kẹ́: minoxidil nìkan kò lè pa iná yẹn, irun ló ń ràn lọ́wọ́.

Òtítọ́ tó kù: ojú kan wà ní àtàrí mi tó ń dán, kò níhò. Ibẹ̀ kò hù, kò sì ní hù. Ṣùgbọ́n kò fẹ̀ sí i mọ́ láti ọdún 3. Àyíká rẹ̀ hù. Bí mo bá tètè lọ ni, ojú yẹn ì bá kéré.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà máa wo àtàrí tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Pẹ́kámù (6 Èrèlé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mo gba àtúnṣe yẹn. Tèmi kò ta rí, mo wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí kan náà ni gbogbo wa gbé.

Àníkẹ́ Ṣakí (6 Èrèlé, 8:15 àárọ̀)

Mo ti gbọ́ o, ẹ̀yin màmá mi. Mo pe àǹtí mi, ó ní lẹ́yìn ìbímọ ni irun rẹ̀ fi re, á jẹ́ pé á padà láìsí àlùbọ́sà. Fítámì tí wọ́n ń pè ní biotin ńkọ́? Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń tà á fún irun.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì (6 Èrèlé, 8:58 àárọ̀)

Bí ara kò bá ṣaláìní rẹ̀, kò ní fi nǹkan kan kún irun, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ara ṣaláìní rẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n ń tà fún irun lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú, pàápàá ti ọrùn àti ti ọkàn. Ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2017. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, wọn á sọ iye ọjọ́ tí ẹ ó fi dá a dúró.

Ìyá Ìbejì Gbági (19 Igbe, 7:05 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí fún Nọ́ọ̀sì nínú ọkàn mi pé màá padà wá jábọ̀.

Mo rí dókítà awọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Mo sọ gbolohùn ata. Ó gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀, ó dìde, ó wá sẹ́yìn mi, ó sì wo àtàrí mi pẹ́. Wọ́n gé awọ. Èsì ní méjì ló so pọ̀: CCCA wà, ti họ́mọ́ọ̀nù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tó ń dán kò ju ìdí ife kékeré lọ, ó ní èyí tó yí i ká ṣì ní ihò. Mo ti gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sùn lóru láìha orí mi.

PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, kò tó, 29 ni, ferritin kéré gan-an. Mo ń lo oògùn irin, mo ń jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́, mo ti yọ tíì kúrò nídìí oúnjẹ.

Ìgbéyàwó ku oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀. N kò ní irun tí n ó dì. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni gèlè: bí wọ́n bá wé e le lé mi lórí láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé kò ní da gbogbo rẹ̀ nù?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì (19 Igbe, 7:31 alẹ́)

Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù mí lẹ́nu. Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹ kò rí nǹkan oṣù, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yín ṣì wà ní 29. Ó lè jẹ́ gbèsè àtijọ́ ni, ó sì lè jẹ́ pé ó ń gba ibòmíràn lọ, bí inú tàbí ìfun. Ẹ ní kí wọ́n wá a. Bí ẹ bá sì tún rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara láti ìsinsìnyí lọ, bó jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ má dúró.

Ìyá Àgbà Ìsẹ́yìn (19 Igbe, 8:10 alẹ́)

Ọmọ mi, inú mi dùn. Ìwọ gé e sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Gèlè lórí irun kékeré máa ń jókòó dáadáa.

Onídìrí Mọ́kọ́lá (19 Igbe, 8:26 alẹ́)

Ìyá Àgbà sọ òótọ́ níbí, màá gé e fún yín. Màá fi sátínì wé orí yín kí gèlè tó bọ́ sí i, gèlè á di ara rẹ̀ mú ní ẹ̀yìn àti ìpàkọ́, kò ní rin àtàrí. Bí a bá ti jó tán, ẹ bọ́ ọ. Àwọn oníbàárà 2 tí mo sọ̀rọ̀ wọn, ọ̀kan ti lọ rí dókítà, èkejì ò tíì lọ, mo ṣì ń pè é.

Ẹ wá lọ́jọ́ Túsìdeè, aago 7 àárọ̀, kí èrò tó dé. Ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́ kí n wo àtàrí tirẹ̀ náà.